Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC fún ipò Ààrẹ Nàìjíríà, 2022

Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú All Progressives Congress (APC) ti ọdún 2022 ni ètò tí ẹgbẹ́ náà fi yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ lẹ́yìn Muhammadu Buhari. Ó wáyé ní Eagle Square, Àbújá, wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà. Bola Tinubu ló borí.

Ìdíwọ̀n àwọn olùdíje

Ipò tí olùdíje wà nínú ìjọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ fi díwọ̀n agbára rẹ̀. Yemi Osinbajo jẹ́ igbákejì Ààrẹ láti ọdún 2015. Rotimi Amaechi ló darí ìpolongo ìbò Buhari lẹ́ẹ̀mejì. Ahmad Lawan, Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ni alága ẹgbẹ́, Abdullahi Adamu, dárúkọ ní ọjọ́ 6 gẹ́gẹ́ bí olùdíje àfẹnukò, ṣùgbọ́n èyí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀: àwọn gómìnà APC kan ní Àríwá ti sọ ṣáájú pé Gúúsù ló kàn.

Ohun tí ìdíwọ̀n yìí fojú fò ni òfin. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò ọdún 2022, àwọn aṣojú tí a dìbò yàn nìkan ló lè dìbò. Buhari kò buwọ́ lu àtúnṣe tí ìbá jẹ́ kí àwọn tó wà nípò dìbò nítorí ipò wọn. Aṣojú mẹ́ta-mẹ́ta ló wá láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kano, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, ní aṣojú 132; Ọ̀yọ́ ní 99; Èkó, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, ní 60 péré. Ọwọ́ gómìnà sì ni ètò ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹni tí àwọn gómìnà bá tì lẹ́yìn ló sún mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì jù.

Ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, Tinubu sọ fún àwọn aṣojú pé «Èmi ló kàn». Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn náà di ohun tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń sọ.

Èsì

Kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, Kayode Fayemi, Ibikunle Amosun, Godswill Akpabio àti àwọn mìíràn juwọ́ sílẹ̀ fún Tinubu. Ó ní ìbò 1,271. Amaechi ní 316, Osinbajo 235, Lawan 152. Tí a bá ro ti àwọn mẹ́ta yìí pọ̀, 703 ni. Tunde Bakare kò rí ìbò kankan, bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù ìdíje náà jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà.

Ìdìbò gbogboogbò

Tinubu wọlé ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2023, ṣùgbọ́n Peter Obi ti Labour Party borí rẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606. Rabiu Kwankwaso ti NNPP ló mú Kano.