Ṣé Afọ̀nàhàn ni GPS Inú Bàálù Kékeré?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ sọ GPS ní Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ pè é ní afọ̀nàhàn. Fún mọ́tò, orúkọ náà kò burú: títì ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ kàn ń yan èyí tó yá ni. Ṣùgbọ́n kò sí títì lójú ọ̀run. Ẹni tó ń wa Cessna 172 láti Denver lọ sí Aspen, ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, tó ní kí GPS alágbèéká júwe Aspen fún òun, ìlà gbọọrọ kan ni yóò rí. Ìlà yẹn gba orí àwọn òkè Rocky kọjá, níbi tí ṣóńṣó òkè mìíràn ti ga ju ẹsẹ̀ bàtà 14,000 lọ, bẹ́ẹ̀ agbára irú bàálù náà kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ìlà ni ẹ̀rọ fi hàn, kì í ṣe ọ̀nà.

Ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ dájú ni ibi tó wà. Ó ń gba àmì rédíò láti ara àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè, ó sì ń ṣírò bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Mẹ́rin nínú wọn tó fún un láti mọ ibùdó, gíga àti àkókò. Nítorí náà, afibùdóhàn ni mo fara mọ́. Orúkọ yìí kò ṣèlérí ju iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá kò gbà kí awakọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ti alágbèéká láti la ìkùukùu kọjá, àfikún ni.

Ọ̀rọ̀ ìyára ló léwu jù. Ìyára inú-afẹ́fẹ́ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré kọjá lára apá bàálù, òun ló sì ń gbé bàálù ró. Ìyára orí-ilẹ̀ ni bí bàálù ṣe ń yára kúrò lórí ìlú kan bọ́ sórí òmíràn, òun nìkan sì ni GPS mọ̀. Ká ní awakọ̀ ń bọ̀ wálẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀yìn ní máìlì òkun 20 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ lè kọ 65, kí ọkàn awakọ̀ balẹ̀, nígbà tó jẹ́ 45 péré ni apá bàálù rí gbà. Ibẹ̀ ni bàálù ti lè já bọ́. Ẹni tó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní "ìyára" lásán fún méjèèjì ti fi ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ náà wewu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìhà. Imú bàálù lè dojú kọ ìlà-oòrùn gan-an, kí afẹ́fẹ́ àríwá máa sún un sí gúúsù. Èyí tí imú dojú kọ ni kí a pè ní ìkọjúsí. Kọ́ḿpáàsì ló ń sọ ọ́. Ibi tí bàálù ń gbà kọjá lórí ilẹ̀, ipa ni, GPS ló sì ń fi í hàn. Àwọn ọdẹ ti ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ tipẹ́: ipa ẹran ni wọ́n ń tọ̀, kì í ṣe ibi tí ẹran kọjú sí.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Sátẹ́láìtì àti bátìrì ti di tiwa. GS (ìyára orí-ilẹ̀) àti TRK (ipa) náà ni yóò sì máa hàn lójú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí GS, kí ọkàn rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀, kó má lọ sí apá bàálù.

Ẹni tó ní àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yóò mọ ohun tó yẹ kó bèèrè kó tó sanwó ra GPS alágbèéká. Ṣé ipa àti ìyára orí-ilẹ̀ á ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán? Ṣé ẹ̀rọ náà ń kìlọ̀ bí òkè bá wà níwájú? Wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ lè lò bí iná bàálù bá kú? Èló ni a ó máa san láti sọ àká-ìsọfúnni rẹ̀ dọ̀tun, nígbà tí wọ́n ń gbé tuntun jáde ní ọjọ́ 28-28? Ọ̀rọ̀ tí kò bá ran olùrà lọ́wọ́ láti bèèrè nǹkan wọ̀nyí, kí a jù ú nù kí a ṣẹ̀dá òmíràn, bó ti wù kó dùn létí tó.