Èdè Tí Káàdì Gbọ́: Ìtàn Yíyan Káàdì Àwòrán fún Kọ̀ǹpútà Géèmù

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní láti kọ́kọ́ yan ohun tí ó fẹ́ máa rí ní ojú ẹ̀rọ náà. Káàdì méjì ni wọ́n pa tẹ́ fún un. Èyí tí a ń pè ní MDA ń kọ lẹ́tà tí ó dán, tí ènìyàn lè kà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ya àwòrán rárá. CGA ní tirẹ̀ ń ya àwòrán aláwọ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kò dán, ó sì máa ń dun ojú. Akọ̀wé ra ti ìṣáájú. Ẹni tí ó fẹ́ ṣeré ra èkejì. Pátákó pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà ni káàdì àwòrán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ìṣirò di ohun tí ojú lè rí.

Àwọn òǹtajà a máa fi nọ́ńbà polówó ọjà yìí: iye àwọ̀, iye mẹ́mórì, iye àwòrán tí káàdì lè yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo ogójì ọdún ó lé tí káàdì wọ̀nyí ti wà, a ó rí i pé àìyára nìkan kọ́ ni ó ń sọ káàdì di ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Èdè tí káàdì gbọ́, àti ẹni tí ó ṣì kù tí ó ń bá a sọ èdè náà, ṣe pàtàkì ju bí àwọn oníbàárà ti ń rò lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Géèmù kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán. Àṣẹ ni ó ń pa fún káàdì, àṣẹ náà sì ní gírámà tirẹ̀. Bí gírámà náà kò bá yé káàdì, asán ni agbára rẹ̀, bí ìgbà tí a gbé ọ̀jọ̀gbọ́n tí èdè Lárúbáwá nìkan yé kalẹ̀ sí àárín ọjà Oyíngbo láìsí ògbufọ̀.

Ó tilẹ̀ jọni lójú pé ọ̀kan nínú àwọn káàdì tí ó kọ́kọ́ lókìkí jù lọ, ọ̀rọ̀ èdè ènìyàn gan-an ni ó bí i. Van Suwannukul, ọmọ ilẹ̀ Thailand, fẹ́ fi álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ kọ ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà IBM. MDA kò ní lẹ́tà náà. Ti CGA kò sì dán tó. Ní ọdún 1982 ó ṣe káàdì Hercules, tí ó ń to àmì wínníwínní 720 ní ìbú àti 348 ní òòró, tí ẹni tí ó ni ín sì lè fi ya lẹ́tà èyíkéyìí tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó bá ti fi bírò fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, yóò mọ ohun tí ń dun ọkùnrin náà.

IBM gbé EGA jáde ní 1984 àti VGA ní 1987. VGA lè fi àwọ̀ 256 hàn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì tó fún eré fún ọdún mélòó kan. Ní gbogbo ìgbà yìí, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìṣirò géèmù. Káàdì kàn ń gbé èsì rẹ̀ hàn ni. Báyìí ni Doom ṣe ṣiṣẹ́ ní 1993. Nígbà tí Quake dé ní 1996, tí gbogbo ohun inú rẹ̀, títí kan àwọn ọ̀tá, jẹ́ ohun tí a fi àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké mọ, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo jù fún ọpọlọ náà.

Ibí yìí ni ilé-iṣẹ́ 3dfx ti wọlé. Ross Smith, Gary Tarolli àti Scott Sellers, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní Silicon Graphics, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1994. Káàdì wọn àkọ́kọ́, Voodoo Graphics, dé ọjà ní 1996 pẹ̀lú mẹ́mórì mẹ́gábáìtì 4. Oríire ńlá kan bá wọn: owó mẹ́mórì já wálẹ̀ gan-an ní ọdún náà, ohun tí ìbá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan sì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tu owó jọ rà. Ṣùgbọ́n Voodoo kò lè dá dúró. Kò lè ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ bí ìwé kíkọ. Géèmù nìkan ni ó mọ̀. Olówó rẹ̀ ní láti fi káàdì àtijọ́ sílẹ̀ sí àyè rẹ̀, kí ó sì fi wáyà kan so ó mọ́ tuntun láti ẹ̀yìn àpótí. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀dà Quake tí a ṣe fún irú káàdì bẹ́ẹ̀ jáde ní 1997, kò sí ẹni tí ó rí i tí ó tún fẹ́ padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Glide ni èdè tí 3dfx dá fún káàdì rẹ̀. Ó rọrùn láti kọ, ó sì yára, nítorí pé káàdì kan ṣoṣo ni a ṣe é fún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: OpenGL wà, èyí tí Silicon Graphics gbé jáde ní 1992, Direct3D ti Microsoft náà dé ní 1996. Ṣùgbọ́n Glide ni ọba ní ọdún mélòó kan náà. Unreal, tí ó jáde ní 1998, Glide ni ẹwà rẹ̀ fi kọ́kọ́ yọ.

Ìgbà tí ẹnu 3dfx bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ni NVIDIA, tí Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem dá sílẹ̀ ní 1993, ń kọ́ ọgbọ́n láti inú àdánù. Káàdì rẹ̀ àkọ́kọ́, NV1 ti ọdún 1995, kò lo onígun mẹ́ta. Ojú tí ó tẹ̀ kọrọdọ ni ó fi ń mọ nǹkan. Ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ ni, àmọ́ Microsoft gbé Direct3D ka orí onígun mẹ́ta, NV1 sì di elédè tí kò ní aládùúgbò. NVIDIA kò bá ọjà jà. Láti ìgbà tí RIVA 128 ti dé ní 1997 ni ó ti ń ṣe káàdì tí ó gbọ́ èdè gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ káàdì ní 1998. Voodoo2 ti dé. Nǹkan bí 300 dọ́là ni ọ̀kan tí ó ní mẹ́mórì mẹ́gábáìtì 12. Ẹni tí ó bá lówó lè so méjì pọ̀ kí wọ́n máa pín ìlà àwòrán yà, ṣùgbọ́n káàdì ìwé kíkọ ṣì ní láti wà níbẹ̀: káàdì mẹ́ta nínú àpótí kan ṣoṣo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni RIVA TNT ti NVIDIA wà, tí ó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, tí ó sì lè fi ìwọ̀n bíìtì 32 kun àwọ̀. Kò yára tó Voodoo2, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Glide. Lójú ọjà ọjọ́ náà, ẹni tí ó ra Voodoo2 ni ó gbọ́n. Ẹni tí ó bá ń rà fún ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún.

Ní December 1998 ni 3dfx kéde pé òun yóò ra STB, kí òun lè máa fi ọwọ́ ara òun ṣe káàdì. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Diamond àti Creative ni wọ́n ń ra ọpọlọ káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ àwọn oníbàárà rẹ̀ di abánidíje ní ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọjú sí NVIDIA. Àṣìṣe yìí burú ju èyíkéyìí tí àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ṣe lọ. Voodoo3 ti 1999 ṣì ń fi bíìtì 16 ya géèmù. Ní October ọdún kan náà, NVIDIA gbé GeForce 256 jáde, tí ó gba ìṣirò ibi tí igun kọ̀ọ̀kan yóò wà àti bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe tàn sí i kúrò lọ́wọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan sọ pé géèmù tí ó lo ọgbọ́n náà kò tíì pọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n Quake III Arena dé kí ọdún tó parí, OpenGL sì ni ó ń sọ.

Voodoo5 ti ọdún 2000 ní ọpọlọ méjì, ó sì ní láti gba iná tààrà láti inú àpótí iná kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 15 December ọdún náà ni 3dfx kéde pé òun yóò ta ohun ìní òun fún NVIDIA. Ẹni tí ó rà á fún ọdún Kérésì ọdún náà ní káàdì tí kò bàjẹ́, tí ó sì ń yára. Ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa kọ ètò atọ́nà tuntun fún un ni kò sí mọ́. Nígbà tí Windows XP dé ní 2001, àwọn olólùfẹ́ káàdì náà ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tún ètò àtijọ́ ṣe.

NVIDIA tí ó ṣẹ́gun kò bọ́ lọ́wọ́ irú ewu kan náà. Káàdì GeForce FX rẹ̀ ti 2003 gbọ́ Direct3D 9, ṣùgbọ́n ó ń ká a lẹ́nu. Radeon 9700 Pro, tí ATI gbé jáde ní 2002, ń sọ ọ́ bí ọmọ onílé. Nígbà tí Half-Life 2 jáde ní 2004, ẹ̀yà èdè tí ó ti pẹ́ ni ó fi ń bá FX sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ má baà falẹ̀.

Káàdì a sì tún máa bá ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àyè ìkìbọ̀ PCI Express bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò AGP ní 2004, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́ pààrọ̀ káàdì nìkan ni ó pààrọ̀ pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, ọpọlọ rẹ̀ àti mẹ́mórì rẹ̀ pẹ̀lú. Wáàtì 75 ni àyè ìkìbọ̀ náà lè fún káàdì. RTX 4090 ti 2022 lè gba 450, nítorí náà àpótí iná wà lára owó káàdì. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń tún àwòrán yà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè fi 150 hàn, iyekíye tí a bá san. Mẹ́mórì pàápàá gba ìbéèrè: GTX 970 ti ọdún 2014 ní gígábáìtì 4 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́ra púpọ̀ ju ìyókù lọ, NVIDIA sì gbà ní 2016 láti san 30 dọ́là fún olùrà kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Ti àwọn tí ó ń fi káàdì wa owó orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀wọ́n gógó títí Ethereum fi jáwọ́ nínú ọ̀nà náà ní September 2022, ìtàn mìíràn ni. Àmọ́ ẹni tí ó ń ra àlòkù yóò fẹ́ mọ iṣẹ́ tí káàdì náà ti ṣe rí.

Ní 2025, nígbà tí ọ̀wọ́ RTX 50 kọ́kọ́ jáde, kò gbọ́ PhysX oníbíìtì 32 mọ́, èdè tí NVIDIA fúnra rẹ̀ ti gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn géèmù àtijọ́ kan tí ń sáré lórí káàdì ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lórí tuntun náà, bí a bá tan PhysX inú wọn. Ti Glide yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn kan tí kò fẹ́ kí eré ìgbà èwe wọn kú ti kọ ògbufọ̀ fún un, irú bíi nGlide, tí ń gbọ́ àṣẹ Glide tí ó sì ń tún un sọ ní Direct3D, kí Unreal ti 1998 lè máa ṣiṣẹ́ lórí káàdì tí kò bá 3dfx láyé.