Ìbú àti Ariwo: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀sílétọ̀ 77 GHz fún Rádà Ọkọ̀

Kì í ṣe bí a ṣe máa dé 77 GHz ló ń da àwọn tó ń ṣe ọ̀sílétọ̀, ìyẹn àyíká iná tó ń dá ìgbì sílẹ̀, fún rádà ọkọ̀ láàmú mọ́. Ohun tó le ni pé ìgbì kan náà gbọ́dọ̀ rìn káàkiri ìbú fíríkúẹ́ǹsì tó gbòòrò, kí ariwo ara rẹ̀ sì kéré. Inú fárákítọ̀, ìyẹn kàpásítọ̀ tí fólítéèjì ń yí padà, ni ohun méjèèjì ti ń forí gbárí. Lójú tiwa, ọ̀nà àbáyọ tó dára jù ni kí a gbé ọ̀sílétọ̀ kúrò ní 77 GHz pátápátá.

Rádà yìí ń rán ìgbì tí fíríkúẹ́ǹsì rẹ̀ ń gòkè bọ̀. Kí ìgbì tó lu ọkọ̀ iwájú tó padà dé, èyí tó ń jáde ti ga jù ú lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà tó. Bí ìgòkè bá jẹ́ 1 GHz, rádà lè ya nǹkan méjì tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà síra sọ́tọ̀. Bó bá gba gbogbo àyè 77 sí 81 GHz, kò tó sẹ̀ǹtímítà 4 mọ́. Ta ni kò ní lépa ìbú?

Fárákítọ̀ ló ń ṣe nínú àyíká iná ohun tí ọwọ́ onígángan ń ṣe lára osán. Àmọ́ ní 77 GHz, ó ń jẹ agbára ju ìndọ́kítọ̀ lọ. Bí a bá mú un tóbi kí ìbú lè pọ̀, dídára àyíká náà (Q) á lọ sílẹ̀, ariwo ìgbì náà, tí a ń pè ní ariwo fésì, á sì gòkè. Ìlànà tí D. B. Leeson gbé jáde lọ́dún 1966 fi èyí hàn kedere: bí dídára yẹn bá dín kù sí ìdajì, ariwo á fi 6 dB pọ̀ sí i. Nínú rádà, ariwo tó yí ìgbì tí tírélà dá padà ká lè bo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. (Ọ̀sílétọ̀ kan náà ni a ń lò láti rán ìgbì àti láti gbà á wọlé, nítorí náà ariwo ohun tó sún mọ́ tòsí ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lọ́nà púpọ̀. Àwọn tó ń fi iye ariwo ní 1 MHz sí àárín ìgbì nìkan díje kì í sábà rántí èyí.)

Dáyódù Gunn, tó ti inú àwárí J. B. Gunn lọ́dún 1962 wá, ni púpọ̀ nínú àwọn rádà 77 GHz àkọ́kọ́ gbára lé. Lọ́dún 2004, Li àti Rein pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì gbé ọ̀sílétọ̀ Colpitts 77 GHz jáde lórí sílíkọ́nì-jẹ̀mánìọ́mù. Tíránsísítọ̀ báípólà inú rẹ̀ kì í pariwo púpọ̀ ní fíríkúẹ́ǹsì ìsàlẹ̀, èyí tí CMOS, ìyẹn irú tíránsísítọ̀ tó wà nínú ṣíìpù kọ̀ǹpútà, kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Síbẹ̀ CMOS ló ń gba ọjà báyìí, torí pé rádà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè wà lórí ṣíìpù kan.

Texas Instruments, nínú ṣíìpù CMOS tirẹ̀, ń ṣe ìgbì ní nǹkan bíi 20 GHz, á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po náà ń fi 12 dB kún ariwo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 20 GHz, fárákítọ̀ dára gan-an, agbára 77 GHz tó ń lọ sí eriali kò sì ní máa fa ọ̀sílétọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ni kí a sẹ́ àwọn ìgbì tí a kò fẹ́ tí ìlọ́po náà ń mú wá dànù.

Ìbú tí a bá sì rí gbà kì í ṣe ti rádà nìkan. Ṣíìpù ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láti ìwọ̀n −40 °C títí dé 125 °C, fíríkúẹ́ǹsì rẹ̀ sì ń yẹ̀ bí ooru ṣe ń yí padà àti bí ilé iṣẹ́ ṣe rọ ọ́. Apá kan ìbú náà gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ fún èyí, nítorí náà ìbú tí a wọ̀n ní ìwọ̀n ooru yàrá nìkan kò tíì tó gbé ṣíìpù wọ inú ọkọ̀.