Ìríran Tó Ṣẹ́kù

Ní yàrá àyẹ̀wò ojú, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá afọ́jú ni. Pátákó lẹ́tà ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí, irú èyí tí Herman Snellen, dókítà ojú ní ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1862. Bí màmá tó jókòó kò bá rí lẹ́tà tó tóbi jù níbẹ̀, nọ́ọ̀sì á na ọwọ́: “Màmá, ìka mélòó lẹ rí?” Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, á máa ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn. Tọ́ọ̀ṣì ló máa ń kẹ́yìn.

Èsì tí nọ́ọ̀sì á kọ lè jẹ́: Ó ń ka ìka. Ó ń rí ọwọ́ tó ń mì. Ó ń mọ ìmọ́lẹ̀. Kò mọ ìmọ́lẹ̀. Yorùbá gba gbogbo rẹ̀ láìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Ìgbà tá a bá fẹ́ fi orúkọ kan ṣoṣo kó wọn pọ̀ ni wàhálà dé.

“Afọ́jú” kò ní díẹ̀díẹ̀ nínú: ìkòkò tó bá ti fọ́, ó ti fọ́ náà nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ tó sàn jù kò bá tó 3/60 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà sí afọ́jú. Ohun tí ojú tó dá ṣáká rí láti mítà 60, onítọ̀hún kò ní rí i àfi tó bá sún mọ́ ọn ju mítà 3 lọ. Ó ṣì lè mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, kó sì mọ̀ pé aṣọ pupa lẹ wọ̀. Òfin Amẹ́ríkà tún gbé e sókè díẹ̀, 20/200, tí í ṣe 6/60. Ẹni kan náà lè jẹ́ afọ́jú lọ́hùn-ún, kó má jẹ́ afọ́jú nínú ìwé àjọ náà.

Àwọn tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fúnni sá lọ bá “aláìríran”. Èmi ò bá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ní in. “Ìríran tó ṣẹ́kù” ni màá yàn, nítorí ohun tó kù gan-an ni dókítà ń wá.

Síbẹ̀, iye tó ṣẹ́kù nìkan kò tó. Glaucoma, tó tẹ̀ lé kàtáráàtì nínú ohun tó ń fọ́ni lójú jù ní Nàìjíríà, etí ìríran ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ojú kì í funfun. Bàbá á ka ìwé ìròyìn geere, á sì fẹsẹ̀ gbá àtẹ ọlọ́sàn-án lọ́nà. Àdúgbò á ní ó ń díbọ́n ni. A ti ní “ojú rẹ̀ mú” tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi “ìbú ìríran” kún un: ojú bàbá mú, ìbú ìríran wọn ló ti dín.

Ní ti ẹni tó ń dá rìn lọ́sàn-án, tó wá ń mú ọ̀pá funfun bí ilẹ̀ bá ṣú, n kò wá orúkọ kankan fún un. Kì í ríran lálẹ́.