Bí Owó Ìjọba Ti Ṣe Ń Dé Ilẹ̀ Rẹ́mọ



Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti dá owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dúró, tí ohun gbogbo sì ti gbówó lórí, a gbọ́ pé wọ́n fọwọ́ sí bílíọ̀nù 5 náírà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi dín ìnira ará ìlú kù. Kì í ṣe ẹ̀bùn pátápátá: 52 nínú 100 rẹ̀ ni ẹ̀bùn, 48 yòókù sì jẹ́ gbèsè tí ìpínlẹ̀ yóò san padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé èló ni ó kan Ìkẹ́nnẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ Ìkẹ́nnẹ́ nínú ìpín yẹn, kò sì sí orúkọ Ṣágámù. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni a kọ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, kí ó bá wa padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1894 ni Akárìgbò Oyèbájò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter, tí Rẹ́mọ sì wọ abẹ́ ààbò ìjọba Èkó. Nígbà tí ó yá, àwọn òyìnbó da Rẹ́mọ pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Owó orí tí àwọn baba wa ń san ní Ṣágámù, ní Ìpẹru àti ní Òde-Rẹ́mọ, àpò tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ń wọ̀, níbẹ̀ ni a sì ti ń sọ ohun tí a ó fi ṣe. Akárìgbò Adédoyin, tí ó wà lórí oyè títí di ọdún 1952, àti àwọn ọ̀mọ̀wé Rẹ́mọ, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ ìlú wa wà lára wọn, kò gba èyí. Ìjọba ṣe ìwádìí ní ọdún 1937. Ní ọdún 1938, Rẹ́mọ kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ìjà adé àti oyè ni. A kò jiyàn, ṣùgbọ́n ìjà àpò owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọdún 8 péré lẹ́yìn náà, ní 1946, ni Remo Secondary School dìde ní Ṣágámù.

A kò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún kánsù tí ó tẹ̀ lé òfin ọdún 1952. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé a bu owó orí kún owó orí kí ẹ̀kọ́ náà tó ṣeé ṣe, inú ará ìlú kò sì dùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní ìwọ̀-oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954. Nígbà náà, ẹni tí ó san owó mọ̀ pé òun san án, ó sì mọ ilé ìwé tí ó lọ bá.

Ọdún 1976 ni nǹkan yí padà. Ọdún náà ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí a sì tún ìjọba ìbílẹ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí owó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún wọn. Ní 1981, ìpín ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100. Ní 1992, ó ti di 20. Lónìí, ó jẹ́ 20.60. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń pín in láàárín wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú 100 náírà, a ó kọ́kọ́ mú 40, a ó pín in dọ́gba-dọ́gba: ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kò gbà ju ńlá lọ, ńlá kò sì gbà ju kékeré lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo iye ènìyàn, tí a fún ní 30. Ìyókù wà fún bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó, owó tí olúkúlùkù pa fúnra rẹ̀, àti ètò ìgbé ayé ará ìlú.

Nítorí náà, nígbà tí Rẹ́mọ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ìpín kan ni ó ní nínú 40 yẹn. Ní 1991 ni a pín in sí Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Ní 1996, Àríwá Rẹ́mọ dé, ó fi Ìṣarà ṣe olú ìlú. Ìpín kan di mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń bú àwọn àgbà wa pé wọ́n fọ́ Rẹ́mọ sí wẹ́wẹ́, kí ó rántí ìṣirò yìí. Ẹ̀wẹ̀, alága kan di mẹ́ta, ọ́fíìsì kan di mẹ́ta, ọkọ̀ alága náà kò sì gbẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó pọ̀ sí i ni ó dé ọ̀nà oko.

Ohun tí ó tún fa sẹ́yìn ni òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999. Abala 162 rẹ̀ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ wọ àpò àjùmọ̀ní kan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì, kí èyí tí ó kù tó dé kánsù. Ìjà tí àwọn baba wa bá Ìjẹ̀bú-Òde jà ni a tún bá pàdé ní Abẹ́òkúta, àti ní gbogbo olú ìlú ìpínlẹ̀ yòókù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un tààrà.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, owó tí ẹ ń dá ni ìlú fi ń gbẹ́ kànga, tí a sì fi ń tún ọ̀nà ṣe. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ máa san owó iṣẹ́ tí a ti san owó rẹ̀ fún kánsù. Òfin ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìṣirò ìjọba, ó sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ní ìpàdé gbogbogbò wa tí ń bọ̀, a ó dábàá pé kí akọ̀wé wa kọ̀wé sí kánsù: èló ni ó wọlé, èló ni a yọ kí ó tó wọlé, iṣẹ́ wo ni a sì fi ìyókù ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpẹru, ní Ìlíṣàn, ní Ògèrè àti ní Ìrolù. Èsì tí ó bá dé, ojú ìwé yìí ni a ó tẹ̀ ẹ́ sí ní ọdún tí ń bọ̀.