Ìrora Tí X-ray Kò Rí: Bí Supplement Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Fibromyalgia

 

Ìtàn tòní dá lórí àìsàn kan tó máa ń mú kí gbogbo ara ro èèyàn láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Oorun kì í tó, àárẹ̀ kì í lọ. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á ya X-ray, egungun á mọ́ tónítóní. Fibromyalgia ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn sórí fóònù yín báyìí, kò ní pẹ́ tí ìpolówó á fi máa tẹ̀ lé yín kiri: magnesium, fítámì D, 5-HTP, àti oríṣiríṣi ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi.

Ta ló kọ́kọ́ so àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ìrora yìí? Ṣé ilé ìwòsàn ni, àbí ọjà? Ohun tí a fẹ́ tọpa rẹ̀ lónìí nìyẹn.

Orúkọ tó yí padà

Ẹ jẹ́ ká lọ sí London, lọ́dún 1904. Dókítà William Gowers, ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan nígbà náà, sọ àsọyé kan lórí ẹ̀yìn ríro. Inú rẹ̀ ló ti fún irú ìrora yìí lórúkọ tuntun: fibrositis. Lẹ́nu àwọn dókítà, ọ̀rọ̀ tó bá parí sí "-itis" ń sọ pé nǹkan kan wú, pé ó gbóná, pé ó pọ́n. Ohun tí Gowers gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ tú u wò dáadáa, wíwú náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ó di ọdún 1976 kí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, P. K. Hench, tó gbé orúkọ mìíràn jáde: fibromyalgia. "-Algia" kò sọ pé nǹkan kan wú. Ìrora lásán ló túmọ̀ sí. Bí ẹni ń sọ pé: a gbà pé ó ń dùn yín, àmọ́ a ò tíì mọ ohun tó fà á.

Ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà làkúrègbé ní Amẹ́ríkà, American College of Rheumatology, ṣe ìlànà tí wọ́n á fi máa dá àìsàn náà mọ̀. Ìrora gbọ́dọ̀ ti tàn ká ara fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Dókítà á wá fi ìka tẹ ojú ibi 18 lára aláìsàn. Bí 11 bá dùn ún nínú wọn, ó ní fibromyalgia nìyẹn. Láti 1904 sí 1990, ọdún 86 ni. Lọ́dún 2010, wọ́n tún yọ ọ̀rọ̀ ìka títẹ̀ yẹn kúrò nínú ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nílùú London tó ní àìsàn yìí. Kí wọ́n tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un, ó ti gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ìrònú ni. Àwọn ẹbí nílé ní ibà ni, torí ẹni bá ti sọ láàárín wa pé "gbogbo ara ń ro mí," oògùn ibà ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún un pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ó ní ọjọ́ tí òun wọ ṣọ́ọ̀bù supplement kan, ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ òun fún bí ìṣẹ́jú 20, kò sì já òun nírọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ọjà yìí tà.

Tryptophan: ìrètí àti àjálù

Kí n má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ supplement fún àìsàn yìí kì í ṣe jìbìtì. Sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀.

Nílùú Toronto ní Kánádà, Dókítà Harvey Moldofsky àti Dókítà Hugh Smythe wà lára àwọn tó wádìí bí oorun ṣe kan ìrora yìí. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1975, wọ́n ní kí àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá wá sùn sí yàrá ìwádìí. Bí oorun wọn bá ti wọra, wọ́n á fi ariwo dà á rú. Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn yẹn náà. Lọ́dún 1978, Moldofsky tún rí i pé lára ìwọ̀nba aláìsàn tó yẹ̀ wò, bí tryptophan tó dá dúró nínú ẹ̀jẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìrora ṣe ń pọ̀ tó.

Tryptophan wà nínú ẹyin, ẹja, adìyẹ àti wàrà. Òun ni ara fi ń ṣe serotonin, tó ní í ṣe pẹ̀lú oorun, ìdùnnú àti bí èèyàn ṣe ń gba ìrora sára. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ sójú ẹ̀: tó bá dín, ẹ fi kún un. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹnikẹ́ni ló lè ra hóró tryptophan ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Àwọn kan ń lò ó torí oorun, àwọn kan torí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn kan torí ìrora.

Nígbà tó di October 1989, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ New Mexico rí obìnrin mẹ́ta tí ẹran ara ń ro gidigidi, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń jẹ́ eosinophil sì ti pọ̀ kọjá ààlà lára wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lo tryptophan. Akọ̀ròyìn kan níbẹ̀, Tamar Stieber ti ìwé ìròyìn Albuquerque Journal, gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Iṣẹ́ yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ Pulitzer fún un lọ́dún 1990. Ní November 1989, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kó tryptophan kúrò lórí àtẹ.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún àwọn kan. Àwọn tó kó àìsàn náà ju 1,500 lọ, àwọn tó sì kú ju 30 lọ. Ìwádìí tọ́ka sí iléeṣẹ́ kan ní Japan, Showa Denko. Wọ́n ti pààrọ̀ irú bakitéríà tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ti dín èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kù. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èwo gan-an nínú ìdọ̀tí náà ló ṣe ọṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń wá ìtura fún ẹran ara ríro wá lọ ra ìrora tó le jù ú lọ.

Òfin 1994

Ẹ̀yin náà á rò pé lẹ́yìn èyí, ìjọba á fún ọjà náà mọ́ra pinpin. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí FDA fẹ́ mú òfin le, àwọn oníṣòwò supplement gbógun dìde. Lọ́dún 1993, ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n tí òṣèré Mel Gibson ti ń ṣe bíi pé agbófinró já wọ ilé òun nítorí fítámì C. Lẹ́tà ya bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní October 25, 1994, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní DSHEA. Lábẹ́ òfin yìí, iléeṣẹ́ kò ní láti fi hàn FDA pé supplement rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e sọ́jà. FDA ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó léwu kó tó lè lé e kúrò. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ pé ó ń wo àrùn sàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ pé ó ń "ran iṣan lọ́wọ́," bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára ike pé FDA kò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Irú gbólóhùn yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìparí ìpolówó àgbo lórí rédíò, ohùn kan á sáré sọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ wò.

Ẹ wá wo ọdún yìí: 2007 ni FDA tó fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún fibromyalgia, ìyẹn pregabalin. Ọdún 13 lẹ́yìn òfin DSHEA. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún aláìsàn ni ti ṣọ́ọ̀bù supplement.

Kí ni ìdánwò sọ?

Lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí méjì, Abraham àti Flechas, kọ̀wé pé magnesium pẹ̀lú malic acid, èròjà kan tó wà nínú èso ápù, mú ìrora dínkù fún àwọn aláìsàn fibromyalgia. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń lò. Lọ́dún 1995, I. Jon Russell àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas dán irú àdàlù kan náà wò lára èèyàn 24. Lọ́tẹ̀ yìí, aláìsàn kò mọ ìgbà tó ń lo ojúlówó àti ìgbà tó ń lo hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí ìyàtọ̀ tó hàn gbangba. Nígbà tí wọ́n wá fi kún ìwọ̀n rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n ń lò, ìrora dínkù.

Ṣé magnesium tó pọ̀ sí i ló ṣiṣẹ́, àbí ìgbàgbọ́? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ohun tó bá ti ná wa lówó, a máa ń fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìtura yẹn lè jẹ́ òótọ́ lára ẹni, àmọ́ kò sọ fún wa pé ohun tó wà nínú ike ló fà á.

Ti fítámì D yàtọ̀ díẹ̀. Ní Vienna, lọ́dún 2014, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 30 tó ní fibromyalgia. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì rí i pé fítámì D wọn kéré kí wọ́n tó wọ ìwádìí náà. Ìrora dínkù fún àwọn tó gba fítámì D ju àwọn tó gba hóró òfìfo lọ. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ètò rẹ̀: àyẹ̀wò ló ṣáájú oògùn.

Ohun tí ẹ lè mú dání

Tí ẹ bá ní àìsàn yìí tí ẹ sì fẹ́ lo supplement, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ná. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, kódà èyí tí wọ́n ní kò ní kẹ́míkà. 5-HTP pẹ̀lú oògùn bíi duloxetine lè gbé serotonin ga dé ibi tó léwu. Magnesium tó pọ̀ lápọ̀jù máa ń ṣu èèyàn, ó sì léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Nọ́ńbà NAFDAC lára ike ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo fibromyalgia sàn.

Nígbà tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà làkúrègbé ní Yúróòpù, tún ìmọ̀ràn wọn ṣe lọ́dún 2017, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbogbo ẹnu tì lẹ́yìn: eré ìdárayá, díẹ̀díẹ̀, bí agbára bá ṣe mọ. Kò sí ẹni tó ń na owó gọbọi láti polówó ìyẹn.

Bí ẹnì kan nílé yín bá sì ń sọ pé gbogbo ara ń ro òun, tí àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gbọ́ ọ parí. Bí ará ilé bá kọ̀ tí wọn ò gbọ́, ẹni tó ní ọjà láti tà á gbọ́.