Ilé Tí Nọ́ọ̀sì Ń Wò

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò pamọ́: ọmọ tí a bí sílé onílù á jẹ́ Àyántúndé, ti ilé ọdẹ á jẹ́ Ọdẹ́wálé, èyí tó dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà á di Babátúndé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ló ń fún ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ fi òwe yìí ṣí, nítorí wọ́n wà lára àwọn tó ń sọ ènìyàn lórúkọ jù lọ láwùjọ wa.

Orúkọ àìsàn kọ́ ni mò ń sọ. Bí ẹ̀rọ bá ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń ru, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ mìíràn wà tí kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò padà wá gba oògùn ikọ́ ife, dìfọ́ọ́tà ni wọ́n ń pè é. Ìyá tí kò gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, aláìbìkítà ni. Bàbá tó ṣẹ́ oògùn kù sílé, olóríkunkun. Nọ́ọ̀sì tó bá gba iṣẹ́ lálẹ́ á bá orúkọ náà nínú ìwé, òun náà á fi pe aláìsàn, ti ọ̀la á tún bá a bẹ́ẹ̀, títí orúkọ á fi mọ́ni lára.

Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n sọ ní irú orúkọ yìí. Èlùbọ́ ló ń tà. Oṣooṣù ni wọ́n ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oṣooṣù ni ẹ̀rọ sì ń sọ pé kò sí ìyípadà. Wọ́n bá a wí, wọ́n fi ikú dẹ́rù bà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í lo oògùn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ yà kí i lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó bá a ṣa ẹ̀fọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́ ni ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ti yọ láti inú yàrá, tó ní kí àbúrò òun fún òun ní ìdajì tòun. Ènìyàn méjì ló ń pín oògùn ẹnì kan lò. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì, owó káàdì ẹyọ kan ni wọ́n sì rí san. Obìnrin tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kì í lo oògùn ń lò ó lójoojúmọ́, kò fo ọjọ́ kan rí.

Kò sẹ́ni tó fún nọ́ọ̀sì yẹn ní ìwé ẹ̀rí fún ìrìn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tó gbà níbẹ̀ ju èyí tí sẹ́mínà ọjọ́ mẹ́ta máa ń fúnni lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ní àpótí méjì: ọ̀kan fún lílọ sáàárín ìlú, ọ̀kan fún ìdàgbàsókè nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ka ti àkọ́kọ́ sí àánú tí ilé ìwòsàn ń ṣe fún ìlú, ìkejì sì ni ẹ̀kọ́. Èmi rí méjèèjì bí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì tó lọ sílé aláìsàn, ẹ̀kọ́ ló lọ gbà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo lílọ ló ní ẹ̀kọ́ nínú. Yorùbá ya yíyọjú sọ́tọ̀ kúrò lára ìbẹ̀wò, ó sì yẹ kí a di ìyàtọ̀ náà mú dáadáa. Ẹni tó wá síbi ìkómọjáde, tó jẹun, tó sọ owó sínú abọ́, tó dìde, ó ti yọjú. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ náà sì tọ́ sí i. Ẹni tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí wọ́n ti kó àga lọ, tó béèrè bóyá ìyálọ́mọ ń rí oorun sùn, bóyá ọmú ń ro ó, ìyẹn ló wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú yíyọjú, ojú àlejò ni a rí. Nínú ìbẹ̀wò, ojú àlejò ló ń ríran. Ẹni tó yọjú mú ara rẹ̀ wá kí a lè mọ̀ pé ó dé. Ẹni tó bẹni wò mú etí àti ojú wá, ó sì mú nǹkan kan padà lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ilé ìwòsàn wa ń ṣe láàárín ìlú, yíyọjú ni. Wọ́n á ta àtíbàbà sẹ́nu ọjà, wọ́n á wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí lẹ́yìn, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n á gún ìka wò fún ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ọdún tó ń bọ̀. N kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, abẹ́ irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ó wà lára àwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún lónìí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ta ni yóò tún un yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i? Ta ni yóò mọ̀ bóyá ó rí owó oògùn? Àti pé kí ni nọ́ọ̀sì tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà náà mọ̀ lálẹ́ tí kò mọ̀ láàárọ̀, yàtọ̀ sí iye ènìyàn tó tò?

Ohun kan wà nínú èdè wa tí inú mi máa ń dùn sí nípa ọ̀rọ̀ yìí. A ń wo aláìsàn. Ìwòsàn ni iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn ni ibi tí a ti ń ṣe é. Ìbẹ̀wò ni lílọ síbẹ̀. Òwe náà sì ní ilé là á wò. Ojú ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èrò àwọn kan ni pé dókítà ló ń wo aláìsàn, pé nọ́ọ̀sì kàn ń gún abẹ́rẹ́ ni. Dókítà a máa dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan kó tó kọjá sí òmíràn. Nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó bá jẹ́ ti wíwò ni, a mọ ẹni tó ń wò jù.

Síbẹ̀, wíwò nìkan kò tó. Ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ti fi èyí hàn wá. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí àwọn baba wa sọ ní wolé-wolé. Wọ́n wo ilé lóòótọ́: wọ́n á wọlé, wọ́n á bojú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, bó bá wà, ilé ẹjọ́ yá. Wọ́n wo ìkòkò, wọn kò wo ẹni tó ń mu omi inú rẹ̀, wọn kò béèrè ibi tó ti pọn ọ́n. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti rí wolé-wolé lókèèrè, kálukú á sá. Ìbẹ̀rù aṣọ ìjọba yẹn kò tíì tán nílẹ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ funfun wọ agbo ilé mọ̀ pé òun lè máa san gbèsè ẹni tó wọlé ṣáájú òun.

Ìtàn tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ni ti Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí a bá béèrè ibi tí ètò ìlera alábọ́dé ti ṣẹ̀, Alma-Ata ni ọ̀pọ̀ á dárúkọ, ìlú tó wà ní Kazakhstan lónìí, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti péjọ ní 1978. Ìpàdé náà tóbi, ó sì ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú rẹ̀, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ti gbé kílíníìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jáde kúrò nílé ìwòsàn, lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí, tí wọ́n ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ àìsàn tó bá kọlù wọ́n. Ibẹ̀ ni ó ti hàn kedere bí èéyi ṣe ń ṣe ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára. Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò, ní nǹkan bí 1960.

Orúkọ Morley ni ìwé ń dá, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló ń jókòó sí kílíníìkì náà lójoojúmọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ni, àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n mọ agbo ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Láti inú iṣẹ́ wọn ni káàdì tí a ń pè ní Ọ̀nà Ìlera ti jáde, káàdì tí wọ́n ya ìlà ìwúwo ọmọ sí. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bó bá tẹ́jú, ewu ti ń bọ̀ kí ojú lásán tó rí i. Ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi káàdì sí, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá rò pé ìyá tí kò kàwé á sọ ọ́ nù kò mọ ìyá. Wọ́n pa á mọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé báyìí. Ìyá tó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́la á rí ìlà náà lórí ìwé rẹ̀.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ṣe rìn níbẹ̀. Ìlú kọ́ ilé ìwòsàn ní bí ọmọ ṣe ń dàgbà àti bí ó ṣe ń kú. Ilé ìwòsàn fi ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ ayé. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú. Ní Àró l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn alárùn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí tó ń tọ́jú wọn. Láti 1963, Yunifásítì Ìbàdàn ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá. Àwọn tó dá nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ìlera ní apá kan tí a kò lè kọ́ nínú wọ́ọ̀dù.

Kòfowórọlá Abẹ́ní Pratt, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1915, mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ẹni tó lọ sí London tó dé: ó lọ sí ilé ìwòsàn St Thomas' ní 1946, ó padà wálé ní 1954, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́tírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn. Wọ́n gbàgbé pé olùkọ́ ni kó tó di nọ́ọ̀sì, àti pé olùkọ́ náà kò kúrò lára rẹ̀. Òun ló dá ìwé ìròyìn àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó jà kí nọ́ọ̀sì lè gboyè ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀ka náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Kí ni ìwé ìròyìn wà fún, bí kò bá jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ìlú kan lè sọ ohun tó rí fún nọ́ọ̀sì ìlú mìíràn?

Lónìí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì Nàìjíríà ń tún láísẹ́ǹsì gbà, kò sì lè rí i gbà bí kò bá ní ẹ̀rí pé òun lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí fọwọ́ sí. Mo fara mọ́ òfin yìí; oògùn ń yí padà, ọ̀nà ìtọ́jú ń yí padà. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Ọba náà ń ṣe irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta: wákàtí 35 ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wọn: àkọsílẹ̀ márùn-ún, tí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ẹnì kan sọ fún un, àti ohun tó rí kọ́ níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí a mú wálé. Ìrọ̀lẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan bá obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ ṣa ẹ̀fọ́ tó àkọsílẹ̀ kan gbáko.

Òwe wa ní ilé là á wò, kò ní pé nọ́ọ̀sì kan ló gbọ́dọ̀ máa fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú odidi wọ́ọ̀dù lálẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ bàálù lọ sókè òkun. Bí a bá ní kó tún máa bẹ ilé wò lẹ́yìn iṣẹ́, ìyà la fi ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kí àwọn aláṣẹ yọ ọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fún un lówó ọkọ̀, kí àdúgbò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lọ́dún títí kí àwọn ará ibẹ̀ lè dá a mọ̀. Bó bá sì dé, kí àwọn yòókù jókòó gbọ́ ohun tó bá bọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn òwúrọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́lùbọ́ náà ti ní káàdì tirẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì yẹn ló bá a ṣe é, ó sì kọ nǹkan kan sójú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì rẹ̀ tí n kò tíì rí nínú fáìlì kankan rí: iye ènìyàn tó ń gbé ilé náà, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń ra iyọ̀.